Tí iná pupa bá tàn lára kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́: Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ díìsìkì RAID kí àkọsílẹ̀ owó tó run

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní Ìsúndúnrin, lágbègbè Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí igba ọmọ ẹgbẹ́ ń dáwó sí lóṣooṣù. Nígbà kan, inú lẹ́jà ńlá ni akọ̀wé wọn ń kọ gbogbo nǹkan sí: ẹni tó dáwó, ẹni tó yáwó, ẹni tó ṣì jẹ gbèsè, ẹni tó ti san tiẹ̀ tán. Nígbà tó yá, wọ́n ra kọ̀ǹpútà, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀, lẹ́jà sì di ohun tí eku ń jẹ nínú àpótí. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, akọ̀wé ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó rí iná pupa kékeré kan tó ń ṣẹ́jú níwájú kọ̀ǹpútà náà, ó sì ń gbọ́ tí nǹkan ń dún píì-píì nínú ẹ̀. Ó tẹ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan, orúkọ jáde. Ó tẹ òmíràn, ìyẹn náà jáde. Ó ní ṣebí kò sí nǹkan tó ṣe é, ó wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ariwo yẹn, ó pa á, ó bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ṣe bíi tiẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kì í ní háàdì díìsìkì kan ṣoṣo nínú. Wọ́n á ti so méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ lọ́nà tí wọ́n ń pè ní RAID, kí iṣẹ́ lè máa lọ bí ọ̀kan bá kú. Iná pupa yẹn ń sọ pé ọ̀kan ti kú. Orúkọ tó ṣì ń jáde, àwọn díìsìkì tó kù ló ń gbé e. Láti ìṣẹ́jú yẹn títí di ìgbà tí díìsìkì tuntun bá wọlé tó sì gba iṣẹ́, àkọsílẹ̀ owó igba èèyàn kò ní olùgbèjà kankan mọ́. Bí òmíràn bá tún kú, ó lè parí nìyẹn.

Ẹni tó wà ní Ìkẹjà lè fẹsẹ̀ rìn lọ ra díìsìkì ní Computer Village kó tó jẹun ọ̀sán. Ẹni tó wà ní Ìsúndúnrin ní láti kọ́kọ́ pe ìgbìmọ̀ jọ kí wọ́n fọwọ́ sí owó, kó tó wá ẹni tó máa bá a rà á ní Òṣogbo, Ìbàdàn tàbí Èkó, kó sì tún dúró de mọ́tò tó máa gbé e bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lè lọ sí i, ọ̀sẹ̀ méjì náà sì lè lọ sí i. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí oníṣòwò tó wà ní ìlú kékeré mọ̀ nípa RAID yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹni tó wà láàárín ìgboro. Díìsìkì á kú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ìyẹn. Ọjọ́ tó wà láàárín ikú ẹ̀ àti ìpààrọ̀ ẹ̀ ló wà níkàáwọ́ olówó ẹ̀ láti dín kù.

Ìdí tí díìsìkì fi ń kú

Háàdì díìsìkì kì í ṣe ohun tó dákẹ́ sójú kan. Àwo pẹlẹbẹ ló wà nínú ẹ̀ tó ń yí bírí-bírí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun kékeré tó ń kọ̀wé tó sì ń kà á ń fò lórí àwo náà láì fara kàn án. Nígbà tí iléeṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde lọ́dún 1956, àádọ́ta àwo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínṣì 24 ló wà nínú ẹ̀, lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún péré ló sì ń gbà. Èyí tó ń gba tẹrabáìtì mẹ́rin lónìí, inú àtẹ́lẹwọ́ ló ń wọ̀. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó kéré tó, ohun tó bá ń yí tọ̀sán-tòru á dúró lọ́jọ́ kan.

Iléeṣẹ́ Backblaze ní Amẹ́ríkà, tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú àkọsílẹ̀, ti ń gbé iye díìsìkì tó ń kú lọ́wọ́ ẹ̀ jáde fún aráyé láti ọdún 2013. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ẹyọ kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kú láàárín ọdún kan. Inú yàrá tó tutù, tí iná kì í ṣe ségesège, ni tiwọn wà o. Díìsìkì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí eruku ọyẹ́ ń wọ̀, tí ooru ń mú, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, kò lè ṣe bíi tiwọn. Lọ́dún 2024 nìkan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ tó ń pín iná káàkiri Nàìjíríà dojú dé lójijì, gbogbo ìgbà tí iná bá sì já bẹ́ẹ̀, díìsìkì tó ń kọ̀wé lọ́wọ́ ló ń jìyà ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní SSD kò ní àwo tó ń yí, ó yára, kò sì bẹ̀rù gbígbé kiri, àmọ́ òun náà ń kú. Nígbà míì gan-an, kì í ké kó tó kú.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni RAID. David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley ló kọ ìwé ìwádìí tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn, wọ́n sì gbé e síwájú àwọn akẹgbẹ́ wọn lọ́dún 1988. Ohun tí wọ́n sọ kò le: dípò kí iléeṣẹ́ ra díìsìkì ńlá kan tó gbówó lórí gọbọi, kó kó àwọn kéékèèké olówó pọ́ọ́kú jọ, kó sì ṣètò wọn débi pé bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn tó kù á lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Oríṣiríṣi ló wà, wọn ò sì rí bákan náà rárá. RAID 1 dà bí ìgbà tí akọ̀wé fi kábọ́ọ̀nù sáàárín ìwé risíìtì méjì, ohun tó bá kọ sórí ti òkè náà ló bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀. Díìsìkì méjì tó ń gba tẹrabáìtì mẹ́rin-mẹ́rin á fún iléeṣẹ́ ní àyè tẹrabáìtì mẹ́rin, nítorí ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì.

RAID 5 ń fẹ́ díìsìkì mẹ́ta ó kéré tán, ìṣirò ló sì ń lò. Ẹni tó bá mọ ètò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á tètè yé. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá dá 5,000 náírà, tí ẹnì kejì dá 7,000 náírà, tí akapò sì kọ àpapọ̀ ẹ̀, 12,000 náírà, sínú ìwé kẹta, ọ̀kan nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè sọnù láì sí wàhálà. Bó bá jẹ́ ìwé ẹnì kejì ló sọnù, kí wọ́n yọ 5,000 kúrò nínú 12,000, iye tó dá ti jáde nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìwé àpapọ̀ ló sọnù, kí wọ́n tún un rò. Ṣùgbọ́n bí ìwé méjì bá sọnù, kò sí babaláwo tó lè sọ ohun tó wà nínú wọn. Irú ìṣirò tí RAID 5 ń ṣe nìyẹn, àfi pé ó ń pín ìwé àpapọ̀ náà káàkiri gbogbo díìsìkì. Mẹ́rin tó ń gba tẹrabáìtì mẹ́rin-mẹ́rin á fúnni ní àyè 12. RAID 6 ń ṣe ìṣirò méjì, ó lè fara da ikú díìsìkì méjì, mẹ́rin yẹn kan náà á sì fúnni ní àyè tẹrabáìtì 8. RAID 10 ń so wọn ní méjì-méjì bíi ti kábọ́ọ̀nù, àyè 8 náà ló ń fúnni.

RAID 0 ló yẹ kí èèyàn sá fún. Ó yára, gbogbo àyè ló sì ń fúnni, àmọ́ kò sí ààbò kankan nínú ẹ̀: bí ọ̀kan bá kú, gbogbo ẹ̀ kú. Àwọn kan tó ń ta kọ̀ǹpútà á sọ fún oníbàárà pé RAID wà nínú ẹ̀, wọn ò ní sọ èwo. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí oníbàárà béèrè.

Fún ẹgbẹ́ kékeré tàbí ilé ìwé tí àkọsílẹ̀ ẹ̀ kò pọ̀, RAID 1 tó ní díìsìkì méjì ló dára jù. Kò sí ìṣirò nínú ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí gbogbo nǹkan bá bàjẹ́, ẹni tó mọṣẹ́ lè yọ ọ̀kan nínú méjèèjì, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kó sì rí gbogbo ìwé kà nínú ẹ̀.

Sípíà gbọ́dọ̀ wà nílé

Ìdí tí ọjọ́ tí díìsìkì tuntun kò tíì dé fi léwu ni pé àwọn tó kù kì í sinmi. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ra gbogbo wọn, inú páálí kan náà ni wọ́n ti wá, wọ́n jọ fara da ooru kan náà àti iná tó ń já kan náà. Bí ọ̀kan bá ti dàgbà tó láti kú, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ náà ti dàgbà. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tó le jù tí wọ́n máa ṣe láyé wọn ń bọ̀ níwájú, ìyẹn ni kí wọ́n kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí wọ́n lè tún ohun tó wà nínú èyí tó kú kọ sínú tuntun. Bí díìsìkì bá ń kọ mẹgabáìtì 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa lò ju wákàtí méje lọ kó tó kọ tẹrabáìtì mẹ́rin tán, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni kò bá dí i lọ́wọ́. Bí akọ̀wé bá tún ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ lọ́wọ́, ó lè di ọjọ́ kan gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí ìwé tí àwọn tó ń ṣe díìsìkì olówó pọ́ọ́kú ń kọ, wọ́n ní bí wọ́n bá ti ka nǹkan bíi tẹrabáìtì 12.5, ibì kan lè wà tí kò ní ṣeé kà. Díìsìkì máa ń ṣe dáadáa ju ohun tí wọ́n kọ yẹn lọ, àmọ́ RAID 5 tó ní mẹ́rin tó ń gba tẹrabáìtì mẹ́rin-mẹ́rin ní láti ka 12 láti fi tún ọ̀kan kọ, kò sì sí ẹni tó máa bá a tún ibi tí kò bá ṣeé kà ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń sá fún RAID 5 bí díìsìkì bá ti tóbi, tí wọ́n ń lọ sí RAID 6 tàbí RAID 10.

Kò sí awakọ̀ tó ń na Èjìgbò sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní gbé sípíà táyà sẹ́yìn ọkọ̀. Díìsìkì náà ní sípíà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ra méjì fún RAID 1, ẹ̀ẹ̀kẹta ló yẹ kí wọ́n rà, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sínú ọ̀rá ẹ̀, síbi tí kò gbóná, tí omi kò lè dé. Kọ̀ǹpútà míì ní àyè tí sípíà lè wà nínú ẹ̀ gan-an, tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú lóru, sípíà á gba iṣẹ́ fúnra ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbìmọ̀ kan lè sọ pé owó ńlá nìyẹn lórí ohun tí wọn ò tíì nílò. Kí wọ́n wá ṣírò iye owó mọ́tò, iye ọjọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kò ní lè yáwó, àti ohun tí wọ́n máa sọ fún ẹni tó ti dáwó fún ọdún mẹ́wàá bí àkọsílẹ̀ ẹ̀ bá pòórá. Ó sì tún dára kí sípíà wá láti inú páálí mìíràn tàbí lọ́wọ́ olùtajà mìíràn, kí wọ́n má jọ kú.

Ríra sípíà gan-an ní ìwà tiẹ̀. Kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tó wà nílẹ̀, tẹrabáìtì mẹ́rin iléeṣẹ́ kan sì lè fi díẹ̀ kéré sí tẹrabáìtì mẹ́rin iléeṣẹ́ mìíràn, RAID á kọ̀ ọ́. Lóṣù Kẹrin ọdún 2020, iléeṣẹ́ Western Digital jẹ́wọ́ pé lára àwọn díìsìkì Red tí òun ń tà fún irú iṣẹ́ yìí, àwọn kan wà tó ń kọ̀wé lọ́nà tí wọ́n ń pè ní SMR, ìyẹn ni pé ìlà ìwé ń gun ara wọn bíi páànù òrùlé. Láti tún ibì kan kọ nínú ẹ̀, ó ní láti tún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kọ. Nígbà tí àwọn èèyàn fi í pààrọ̀ èyí tó kú, ó ń falẹ̀ débi pé RAID míì ń lé e jáde. CMR ni kí èèyàn béèrè. Bákan náà, díìsìkì tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà ilé lè máa bá ibi tí kò ṣeé kà jà fún ìgbà pípẹ́, RAID á rò pé ó ti kú. Èyí tí wọ́n ṣe fún NAS tàbí server kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti tókunbọ̀ tí wọ́n ń tà bíi tuntun náà wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìwé ìròyìn Heise ní Jámánì tú u fó pé díìsìkì Seagate tí wọ́n ti lò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí ń dé ọjà bíi tuntun, wọ́n ti da òǹkà wákàtí tó wà nínú SMART ẹ̀ padà sí òdo. Ohun tó tú àṣírí ni àkọsílẹ̀ mìíràn tó wà nínú díìsìkì náà, FARM, tí àwọn oníjìbìtì náà kò pa rẹ́. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní Jámánì, kí ẹni tó ń rajà nílé ṣọ́ra. Kí olùtajà so díìsìkì mọ́ kọ̀ǹpútà níṣojú oníbàárà, kí wọ́n jọ wo wákàtí tó ti lò, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà ẹ̀ wo àkókò wáráńtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ tó ṣe é.

Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí akọ̀wé ṣe láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn kì í ṣe kó wá ṣukudiráfà. Kó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ sórí díìsìkì mìíràn tó wà níta, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń dáhùn. Àwọn tó pàdánù àkọsílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ibi ìtúnṣe ni wọ́n ti pàdánù ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kó wá mọ èwo ló kú gan-an. Lórí NAS Synology, á rí i lójú ìwé Storage Manager, níbi tí wọ́n á ti kọ Degraded sí. Lórí Linux, bó bá tẹ cat /proc/mdstat, tó rí [UU], méjèèjì wà láàyè nìyẹn. Bó bá rí [U_], ọ̀kan ti lọ. Kó wá kọ nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ kọ sára díìsìkì náà sílẹ̀, ìyẹn serial number, nítorí òun nìkan ni kì í parọ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà ihò díìsìkì láti òdo. Bí ó bá sọ pé ti ihò 2 ló kú, ẹ̀ẹ̀kẹta ló ń sọ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹni tó bá fa ẹ̀ẹ̀kejì yọ nínú RAID 5 tí ọ̀kan ti kú nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa á. Ìwòsàn èyí kò ná ju owó máákà lọ: ọjọ́ tí wọ́n bá ń to kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn díìsìkì kọ̀ọ̀kan sára páálí kékeré, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ihò tó wà.

Nígbà míì sì rèé, díìsìkì kò kú rárá. Wáyà ni. Bí SMART bá ń ka UDMA CRC Error sókè, wáyà ló tú tàbí tí eku ti jẹ ẹ́, àti pààrọ̀ ẹ̀ kò ná ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè yọ díìsìkì ẹ̀ lórí iná, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Lórí Linux, mdadm ní --fail àti --remove fún èyí. Kí wọ́n fà á síta díẹ̀, kí wọ́n dúró bíi ìdajì ìṣẹ́jú kí àwo inú ẹ̀ dẹ́kun yíyí, kí wọ́n tó gbé e jáde. Èyí tí wọn kò ṣe fún irú ẹ̀, pípa ni kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì yọ wáyà iná ẹ̀. Kí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà náà ná, pàápàá nígbà ọyẹ́, nítorí iná kékeré tó máa ń ta èèyàn lára aṣọ lè ba díìsìkì tuntun jẹ́.

Bí tuntun bá ti wọlé, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ fúnra wọn, àwọn kan á fẹ́ kí wọ́n tẹ Repair tàbí Rebuild, mdadm á fẹ́ --add. Ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn ni Initialize, nítorí pé yóò sọ gbogbo díìsìkì di òfìfo. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun rí foreign configuration, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má tẹ Clear. Kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nínú RAID 1 olówó pọ́ọ́kú, kọ̀ǹpútà lè béèrè pé kí wọ́n da èwo kọ sórí èwo. Nọ́ńbà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ló máa gba akọ̀wé sílẹ̀ níbẹ̀, kó má baà fi díìsìkì òfìfo pa èyí tó kún rẹ́.

Kí àtúnkọ náà bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Fúráídè lẹ́yìn iṣẹ́, kí epo jẹnẹrétọ̀ tó, tàbí kí bátìrì inverter kún. UPS ló yẹ kó wà láàárín, kì í ṣe stabilizer nìkan. Stabilizer ń tún iná tó pọ̀ jù tàbí tó kéré jù ṣe, àmọ́ bí iná bá lọ, òun náà lọ. Nínú RAID 5, bí iná bá já láàárín ìgbà tó kọ owó sílẹ̀ àti ìgbà tó máa kọ àpapọ̀ ẹ̀, ìwé méjèèjì ò ní bára mu, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n máa nílò ìṣirò yẹn.

Àwọn kọ̀ǹpútà kan ní káàdì pàtàkì tó ń darí RAID wọn. Káàdì yẹn náà ń kú, díìsìkì tó wà lábẹ́ ẹ̀ sì lè má ṣeé kà láìjẹ́ pé wọ́n rí irú káàdì yẹn kan náà. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè. RAID tí Linux ń darí fúnra ẹ̀ kò ní ìṣòro yìí, wọ́n lè gbé díìsìkì ẹ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn.

Kí wọ́n má sì dúró de iná pupa. Ìwádìí tí Google gbé jáde lọ́dún 2007 lórí díìsìkì tó ju 100,000 lọ fi hàn pé èyí tí SMART bá ti rí àṣìṣe àkọ́kọ́ nígbà àyẹ̀wò ara ẹ̀ lè kú láàárín ọgọ́ta ọjọ́ ní ìlọ́po 39 ju èyí tí kò ní. Ṣùgbọ́n ìwádìí yẹn kan náà sọ pé ó ju 36 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kú tí SMART kò rí àmì kankan lára wọn rárá. Bí ó bá rí nǹkan, kí wọ́n gbà á gbọ́. Bí kò bá rí nǹkan, kí wọ́n má sùn lé e. Kí wọ́n ṣètò kọ̀ǹpútà náà kó máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí fóònù èèyàn méjì bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kó sì máa ka gbogbo díìsìkì ẹ̀ látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó má jẹ́ ọjọ́ àtúnkọ ni wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí kò ṣeé kà.

RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́

Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa orúkọ ogún èèyàn rẹ́, RAID á pa á rẹ́ nínú gbogbo díìsìkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà, gbogbo díìsìkì ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, iná ṣẹ́ yọ ní ilé kọ̀ǹpútà ìjọba Gúúsù Kòríà ní ìlú Daejeon, níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ bátìrì lítíọ́mù UPS mọ́. Lára ohun tó jóná ni G-Drive, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ìwé iṣẹ́ wọn sí, tẹrabáìtì 858, tí wọn kò ní ẹ̀dà ẹ̀ níbòmíràn. Orílẹ̀-èdè tó ń ṣe SSD fún gbogbo ayé ni o. Ẹni tó bá gbé bátìrì inverter ẹ̀ sábẹ́ tábìlì kọ̀ǹpútà, kó tún un gbé.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kó o sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó dára, àmọ́ kò tó. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ báǹkì ní Nàìjíríà sì dàrú. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà: èyí tí wọ́n ń lò, òmíràn lórí díìsìkì tí wọ́n ń yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, àti ọ̀kan tó jìnnà sílé. Ti agbègbè Èjìgbò tún rọrùn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ló ń ṣòwò ní Abidjan, tí wọ́n sì ń wálé ọdún. Díìsìkì kékeré tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì, tó ń bá ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ tó ń bá a bọ̀, jẹ́ ẹ̀dà tí iná Ìsúndúnrin kò lè jó. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí wọ́n mú ọ̀kan nínú ẹ̀dà yìí, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n wá orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá nínú ẹ̀ wò. Ẹ̀dà tí wọn ò tíì ṣí rí, wọn ò lè sọ pé àwọ́n ní in.

Òfin náà ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020, CAMA, ní kí iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ tọ́jú ìwé ìṣirò owó ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa èèyàn, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà ọdún 2023, ní kí ẹni tó bá ń tọ́jú irú ẹ̀ dáàbò bò ó, bí ó bá sì bọ́ sọ́wọ́ tí kò yẹ lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára, kó fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72.

Èyí ló gbé ọ̀rọ̀ dé orí díìsìkì tó kú. Ọ̀pọ̀ máa ń tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ sórí ààtàn. Díìsìkì tó jáde láti inú RAID 1 ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ nínú odindi, ẹni tó mọṣẹ́ sì lè jí i dìde fún ìgbà díẹ̀. Ti RAID 5 jẹ́ wẹ́wẹ́, àmọ́ wẹ́wẹ́ tó tó láti ka orúkọ àti nọ́ńbà. Bí wáráńtì bá ṣì wà lórí ẹ̀, kí wọ́n pa ohun inú ẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tó dá a padà, bó bá ṣì ń dáhùn. Bí kò bá dáhùn, kí ìgbìmọ̀ jókòó sọ èyí tó wù wọ́n jù, owó wáráńtì tàbí àṣírí ọmọ ẹgbẹ́. Bí wáráńtì bá ti lọ, kí wọ́n gbé e fún káfíńtà kó fi dírílì lu ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin já àwo inú ẹ̀, níṣojú akọ̀wé àti akapò, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n lu ú sínú ìwé ìpàdé.